Àbíkú Sọ Olóògùn Dèké: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe Fóònù ní Ìkẹjà

Àwọn baba wa tó ti lọ mọ ìbànújẹ́ ilé tí àbíkú bá yà sí, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ikú ọmọ náà nìkan ló ń fa ẹkún ìyá rẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀tàn tó wà nínú àìsàn náà: ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná bí iná lóru, tí ìyá rẹ̀ gbé pọ̀n kí àkùkọ tó kọ, tó sì sáré gbé e dé ojúde oníṣègùn, yóò la ojú níbẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò na ọwọ́ sí irùngbọ̀n baba náà, oníṣègùn yóò sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, pé ara ọmọ ti yá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, ọmọ ti ré kọjá. Òwe tí àwọn àgbà fi pa ọ̀rọ̀ náà dé kò gùn: àbíkú sọ olóògùn dèké. Bí ọmọ náà bá sì tún padà wá, wọn a sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọn a sọ ọ́ ní Dúrójayé, wọn a máa fi orúkọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí oògùn kò ràn án mọ́.

Lónìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìmọ̀ ìṣègùn ti dín ẹkún àbíkú kù ní ilé wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti kúrò láyé, kí ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì atún-fóònù-ṣe kan ní òpópónà Otigba, ní Ìkẹjà, lówùúrọ̀ Sátidé, kí ó sì gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń rò. Obìnrin kan yóò yọ fóònù tó ń dán bí ojú dígí láti inú àpò rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kò tíì ṣí, yóò ní, “Ẹ bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Tuntun ni o, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣe ló kàn ń pa ara rẹ̀, tí á tún tan ara rẹ̀.” Injiníà yóò gbà á, yóò tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, yóò tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, yóò gbé e sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, fóònù náà yóò sì máa tàn yòò bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Obìnrin náà yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò wọ ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó dé abẹ́ afárá, fóònù ti kú.

Ìtàn àwọn tó ń bá irú àbíkú bẹ́ẹ̀ jà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa wò wọ́n bí ẹni pé àná ni wọ́n dé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ní baba, ó sì ní baba ńlá. Alágbẹ̀dẹ ni baba ńlá gbogbo wọn, ọmọ Ògún lákáayé, ẹni tí kò sí ohun èlò irin kan nínú ìlú tí kì í padà wá sí ìdí ẹwìrì rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ́ tàbí tó bá dá. Àgbà alágbẹ̀dẹ kì í sì í sáré fi irin sínú iná. Yóò kọ́kọ́ fi òòlù kan ọkọ́ tí wọ́n gbé wá, yóò dẹ etí sí i, nítorí pé irin tó ti sán nínú kì í dún bí irin tó pé, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán. Etí ló ń kọ́kọ́ ríran níbi iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ ló ń tẹ̀lé e.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ wọ ìlú, ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà wọ inú rẹ̀. Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé Rediffusion kalẹ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939: àpótí kékeré tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ilé-iṣẹ́, tó ń sọ ohun tí wọ́n bá ní kó sọ, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò sì lè dá a lóhùn, bí àwọn ènìyàn wa ṣe sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn, orúkọ tí rédíò ń jẹ́ títí di òní. Àpótí yẹn kò ju ẹnu lásán lọ, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló sì ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra rédíò tara wọn, àti pàápàá lẹ́yìn ọdún 1954, tí rédíò alágbèéká tó ń lo tìràńsísítọ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, tí kò sì pẹ́ tó fi di ohun tí àgbẹ̀ pàápàá ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko, àwọn ìsọ̀ atún-rédíò-ṣe hù káàkiri ìlú bí olú. Ta ni nínú àwọn tó dàgbà ní ayé ìgbà yẹn tí kò mọ ìsọ̀ bẹ́ẹ̀: yàrá híhá kan, òkìtì òkú rédíò ní igun, ayọ́n tó ń rú èéfín òjé, àti ọmọ iṣẹ́ méjì tí wọ́n jókòó sórí àpótí, tí wọ́n ń tú èso.

Àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ mọ àbíkú inú ẹ̀rọ. Rédíò kan yóò máa sọ̀rọ̀, yóò dákẹ́ lójijì, ẹni tó ni ín yóò fọwọ́ gbá a létí, yóò sì tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó ń ṣe é, ní ìgbà púpọ̀, ni pé òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ kan mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ti là ní ìlà tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Bí rédíò bá gbóná, ìlà náà a yà, bí ó bá tutù, a tún pa dé. Àgbà atún-rédíò-ṣe kì í tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rédíò. Igi pẹlẹbẹ kan ni yóò mú, yóò máa fi kan àwọn èròjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi kan èyí tí rédíò yóò dákẹ́ sí, yóò ní, “Ìwọ ni mo ń wá.” Ẹ̀yin ẹ rí i pé òòlù alágbẹ̀dẹ náà ni, ó kàn di igi pẹlẹbẹ ni.

Tẹlifóònù ní tirẹ̀ kò tíì bọ́ sọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí nígbà náà. Ohun ìjọba ni. Ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ London fún iṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Nígbà tó fi di 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Síbẹ̀ ní ọdún 1960 tí a gba òmìnira, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju 18,724 lọ, fún ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ ti ju 40 mílíọ̀nù. Wọ́n da àwọn ẹ̀ka tó ń bójú tó o pọ̀ di NITEL ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún tuntun fi máa wọlé, ìlà tó wà kò tíì ju nǹkan bí 400,000 lọ. Ẹni tó bá ní tẹlifóònù nílé, ẹni ńlá ni. Bí ó bá sì kú, ìjọba ni yóò rán ènìyàn wá jí i. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó lè sọ pé òun ń kọ́ àtúnṣe ohun tí àdúgbò rẹ̀ lódindi kò ní.

Ọdún 2001 ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún náà, nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, tí Ernest Ndukwe jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, fi ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká GSM sí gbàǹjo, ẹni tó bá gbà á sì san 285 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó di oṣù Ògún, Econet àti MTN ti ń ta káàdì síìmù fún gbogbo ènìyàn. Ó wọ́n bí ojú. Síìmù nìkan ń gba nǹkan bí 20,000 náírà, ìṣẹ́jú kan ìpè sì jẹ́ 50 náírà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pére ni ènìyàn fi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù Ògún ọdún 2003, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, ni ara tó tu mẹ̀kúnnù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n náà gan-an ló bí iṣẹ́ tí à ń sọ. Ohun tí ènìyàn fi owó oṣù mélòó kan rà, kò ní jù ú nù nítorí pé ó kú lẹ́ẹ̀kan. Yóò wá ẹni tí yóò jí i.

Ibi tí wọ́n sì ti rí onítọ̀hún ni Ìkẹjà. Kí ọdún 1990 tó dé, àdúgbò ibi tí ènìyàn ń gbé ni òpópónà Otigba, àti Pepple, àti Ola Ayeni, àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká lẹ́bàá ọ̀nà Medical. Ilé tí wọ́n gbin òdòdó yí ká ni, tí ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kiri iwájú wọn. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ṣe ló kọ́kọ́ gba yàrá síbẹ̀, nítorí pé ọ́fíìsì pọ̀ ní Ìkẹjà. Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọdún 1995. Nígbà tí GSM sì dé, fóònù ya wọ ọjà náà bí omi tó ya bèbè, títí orúkọ tí wọ́n ń pè é, Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, fi di orúkọ lásán, nítorí pé fóònù ti gba ìdí kọ̀ǹpútà jókòó. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, ọmọ Ẹdó wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní poli wà níbẹ̀, ọmọ atún-rédíò-ṣe tó jogún ayọ́n baba rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọmọ iṣẹ́ ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un, bí wọ́n ti ń ṣe é fún télọ̀ àti fún onídìrí.

Mo pín ìtàn wọn láti ìgbà náà sí ìgbà mẹ́ta.

Ìgbà kìíní ni ìgbà bátìrì tó ń yọ. Fóònù tó jọba nígbà náà ni Nokia, pàápàá 3310 tó jáde ní ọdún 2000, àti 1100 tó jáde ní 2003, tí wọ́n tà ju 250 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé. Bí irú fóònù bẹ́ẹ̀ bá ń pa ara rẹ̀, tó ń tan ara rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ oṣù kan lè mọ ohun tó ń ṣe é: ẹnu bátìrì kò kan ẹnu pánẹ́ẹ̀lì dáadáa mọ́. Wọn yóò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn yóò fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu irin ẹnu rẹ̀, wọn yóò ká bébà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì kí ó má bàa máa mì, wọn yóò sì dé e. Bébà yẹn, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ti jí fóònù ní Nàìjíríà ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. Ìlẹ̀kùn fóònù ṣí sílẹ̀ nígbà náà; ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń tún un ṣe jọ ń wo inú rẹ̀ ni.

Ìgbà kejì ni ìgbà kòkòrò. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe ẹ̀rọ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe àṣìṣe inú iṣẹ́ wọn ní kòkòrò, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard, àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ Mark II bá àfòpiná gidi nínú rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwàdà pé àwọn ti rí kòkòrò lóòótọ́. Kòkòrò tí àwọn ará Otigba bá pàdé nígbà tí fóònù di kọ̀ǹpútà kékeré kò ní ìyẹ́. Nígbà tí iPhone jáde ní ọdún 2007, tí fóònù Android àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé e ní 2008, àìsàn fóònù kò sí lára irin nìkan mọ́. Ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún irin pé kó máa ṣe. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: áàpù tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé ló ń jẹ fóònù mọ́lẹ̀.

Fíláàṣì ni oògùn ìgbà náà. Wọn yóò so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, wọn yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, wọn yóò sì kọ òmíràn sí i. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó di pé àwọn aláṣekù kan ń fíláàṣì ohun gbogbo, èyí tí kò kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti èyí tó kàn án, bí aláàgbo tó ní ìkòkò kan ṣoṣo, tó ń bù ú fún orí fífọ́, tó ń bù ú fún aromọléegun. Àwòrán ìgbéyàwó àti nọ́ńbà ẹbí sì ń bá a lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n rí i pé Android ní ọ̀nà kan tó ń jẹ́ “safe mode”, èyí tí fóònù fi ń jí láìsí áàpù kankan tí oní-fóònù gbé wọlé. Bí ó bá lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ipò yẹn tí kò kú, a jẹ́ pé ara rẹ̀ pé, àlejò ló ń dà á láàmú, kí wọ́n sì máa lé àlejò lọ láti orí ẹni tó dé kẹ́yìn. Wọ́n tún kọ́ pé nínú ọpọlọ irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni aago kan wà tó ń ṣọ́ iṣẹ́. Bí iṣẹ́ tó ń lọ kò bá dá aago náà lóhùn láàrin ìwọ̀n àkókò tí wọ́n dá fún un, aago yóò gbà pé ó ti dákú, yóò pa gbogbo ẹ̀rọ náà, yóò sì tún un jí. Nítorí náà, fóònù tó kú tó sì jí fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kú tí kò jí títí wọ́n fi kì í bọ iná: ti àkọ́kọ́, ní ìgbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tàbí bọ́tìnnì rẹ̀ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ bi, ti ìkejì, bátìrì rẹ̀ ni.

Ìgbà kẹta ni ìgbà ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì, ìgbà náà la sì ṣì wà. Àwọn tó ń ṣe fóònù fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè tín-ín-rín, kí omi má sì lè tètè wọ̀ ọ́. Bátìrì di ohun tí ọwọ́ oní-fóònù kò tó mọ́. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù-áyọ́ọ̀nù (lithium-ion), tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní ọdún 1991, ló wà nínú wọn. Bí ó bá kún, agbára rẹ̀ a máa tó fóltì 4.2, bí ó bá sì ti rẹ̀, tàbí tó ní àbùkù láti ilé-iṣẹ́, ó lè fi hàn lójú fóònù pé òun ṣì ku ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ní kété tí ọpọlọ fóònù bá béèrè agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá nítorí àwòrán yíyà tàbí eré orí fóònù, fóltì rẹ̀ yóò já wálẹ̀ bí ẹni tó tẹ ọ̀dà lórí àtẹ̀gùn, fóònù yóò sì kú kí wọ́n tó pa ojú dé. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa jù nínú èyí ni pé àbùkù ilé-iṣẹ́ kì í wo orúkọ. Ní oṣù Bélú ọdún 2016, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn iPhone 6s kan tí wọ́n ṣe láàrin oṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2015 ń kú lójijì, wọ́n sì pààrọ̀ bátìrì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ilé-iṣẹ́ ti kan apá kan bátìrì náà ju bó ṣe yẹ lọ kí wọ́n tó tò ó. Nígbà tó tún di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2017, wọ́n gbà pé àwọn ti ń dín ìyára àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù kí wọ́n má bàa máa kú lójijì, ariwo sì ta, wọ́n sì dín owó ìpààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29. Ní ọdún 2016 kan náà, LG gbà pé G4, tó jáde ní ọdún tó ṣáájú, ní èròjà tí kò fara kan ara wọn dáadáa nínú, èyí tó ń mú kí fóònù náà máa jí, kó máa kú, kó máa jí, láìdé ojú ìwé àkọ́kọ́. Samsung náà sì kó nǹkan bí 2.5 mílíọ̀nù Galaxy Note 7 padà nítorí bátìrì tó ń gbiná. Ẹ ò rí i pé fóònù tuntun lè jẹ́ àbíkú láti inú oyún.

Òjé pàápàá yí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2006, òfin àwọn ìlú Yúróòpù ti kọ òjé tòótọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná nítorí májèlé inú rẹ̀. Àdàlù tánganran òun òjé tí àwọn atún-rédíò-ṣe mọ̀, tó ń yọ́ ní ìwọ̀n ìgbóná 183°C, fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí kì í yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí 217, tó sì tètè ń sán bí ohun tó wà lára rẹ̀ bá já lulẹ̀. Àìsàn rédíò baba wọn ti padà wá, ṣùgbọ́n ó ti kéré débi pé abẹ́ awò amú-nǹkan-tóbi ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn ará Otigba ra awò, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, wọ́n ra mítà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá òjé tó sán, ẹ óò rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ pánẹ́ẹ̀lì níbí, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń dúró de ibi tí fóònù yóò ti kú. Igi pẹlẹbẹ náà ló di ìka ọwọ́.

Mo lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ wọn, nítorí pé ó ti kàn mí rí. Mo ra fóònù tuntun ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Orúkọ ilé-ìtajà náà kò kan ìtàn wa. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀, tó ń tan ara rẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo gbé e padà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n bọ́ èèpo rọ́bà tí mo fi bò ó láti wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n tan án, tí wọ́n wò ó títí, tí wọ́n sì ní kò sí ohun tó ṣe é. Ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí bí ìyá àbíkú. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ní tábìlì kékeré ní ẹ̀yìn ilé kan lẹ́bàá Otigba, tí gbogbo àwọn tó yí i ká ń pè ní Bàbá Rédíò, nítorí pé rédíò ló kọ́ kí ó tó kọ́ fóònù.

Kò gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Alàgbà, ṣé ó máa ń jí fúnra rẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ máa ń jí i?” Mo ní ó máa ń jí fúnra rẹ̀. “Ṣé ara rẹ̀ máa ń gbóná kí ó tó kú?” Mo ní rárá. “Ṣé ó máa ń kú lórí tábìlì?” Mo ronú títí, mo ní n kò rántí ìgbà kan tó kú lórí tábìlì, inú àpò ni, tàbí bí mo bá dì í mú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kí ló wà lára rẹ̀ lónìí, tí kò sí lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ rà á?” Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sára èèpo rọ́bà yẹn, èyí tí mo rà lójú títì lọ́wọ́ ọmọdé kan. Ó gba fóònù náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ó fi ọwọ́ fún un pọ̀ bí àpò ṣòkòtò yóò ti fún un, ó sì ń kà á lẹ́nu: ení, èjì, ẹ̀ta. Kí ó tó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú fóònù ṣú, ó sì tún jí. Rọ́bà náà ló ń tẹ bọ́tìnnì ìpaná mọ́lẹ̀, irú fóònù yẹn sì gbà pé bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ pẹ́, kí òun pa ara òun, kí òun tún jí. Aṣọ tí mo dá fún ọmọ ló ń fún un lọ́rùn. Àwọn tó ta á fún mi kò sì purọ́: wọ́n ti bọ́ àìsàn náà sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Mo bi í léèrè ọ̀nà tí ó gbé e gbà. Ó ní láti ayé rédíò, ohun kan náà ni ọ̀gá òun kọ́ òun: kí ènìyàn béèrè kí ó tó ṣí, kí ó yọ ohun tí kò bá ẹ̀rọ wá kúrò lára rẹ̀, èèpo, káàdì ìrántí, ṣájà tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dúró wò ó, nítorí pé ẹni tó bá pààrọ̀ ohun mẹ́ta papọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ́ oògùn, kí ó wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bóyá ààyè ti kún, bóyá àtúnṣe tuntun ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti dé, kí ó kó àwòrán àti nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ kí ó tó nu fóònù náà mọ́ pátápátá, kí ṣíṣí sì jẹ́ ohun ìkẹyìn. “Bí ó bá sì jẹ́ tuntun,” ó ní, “tí gbogbo ìwọ̀nyí kò ràn án, n kì í ṣí i rárá. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín kí gáráńtì tó kú.” Òun fúnra rẹ̀ kò rí owó kankan nínú ìmọ̀ràn yẹn. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó pé, tí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí atún-nǹkan-ṣe kan bá ti tú ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí òǹtajà yóò tọ́ka sí.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà náà kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Katangowa, lágbègbè Agbado àti Òkè-Odò. Bí wọ́n bá kó o, tábìlì yóò lọ, awò yóò lọ, mítà yóò lọ. Ìbéèrè Bàbá Rédíò náà yóò sì bá wọn lọ, nítorí pé kò wúwo, àgbẹ̀dẹ ló sì ti wá. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ipa tiyín ṣì kù níbẹ̀. Bí fóònù tuntun yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tó ń jí, ẹ mú bébà àti kálàmù, ẹ kọ wákàtí tó kú, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fi í ṣe, ẹ kọ ibi tó wà, ẹ kọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Ìkẹjà. Àwọn àgbà di ẹ̀bi ru àbíkú. Èmi kò jiyàn pẹ̀lú àgbà. Ṣùgbọ́n ní ti fóònù, ẹni tó gbé e dé iwájú injiníà láìmọ ìgbà tó kú, láìmọ bó ṣe kú, òun gan-an ló sọ olóògùn dèké.